Bẹ́ ẹ ṣe lè pàrọ̀ táyà eléyín sí táyà títì lára kẹ̀kẹ́ yín, tí kò sì ní máa jò lójoojúmọ́

Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere tòkunbọ̀ tí à ń rà ní Abẹ́òkúta yìí, táyà eléyín gbọ̀ngbọ̀n ló máa ń wà lẹ́sẹ̀ wọn, irú èyí tí wọ́n ṣe fún inú igbó àti ẹrẹ̀. Ẹni tó rà á wá lè má gbé e wọ igbó láéláé, láti Àsẹ̀rò dé Pańṣẹ́kẹ́, láti Ọbáńtokò dé Kútọ̀, orí ọ̀dà ló wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ tí táyà yín ń kùn hùn-ùn-ùn bẹ́ ẹ ṣe ń lọ lórí títì, eyín yẹn ló ń kùn, agbára ẹsẹ̀ yín ló sì ń jẹ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo ìgbà tí eyín kọ̀ọ̀kan bá kan ọ̀dà, ó máa tẹ̀, á tún nà padà, agbára tẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́ yẹn ò sì ní padà sọ́dọ̀ yín tán, ó ti di ooru nínú rọ́bà. Nínú ẹrẹ̀ ìyẹn ò burú torí eyín ló ń di ilẹ̀ mú, ṣùgbọ́n lórí ọ̀dà kí ló fẹ́ dì mú? Ẹ fi táyà tí ojú ẹ̀ dán sí i, kẹ̀kẹ́ kan náà, ẹsẹ̀ kan náà, tẹ́ ẹ bá ń gun òkè láti Ìbarà lọ sí Òkè Ìlẹ̀wó ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ pé ó ti fúyẹ́.

Àwọn kan máa ní táyà dídán máa ń yọ̀ tí òjò bá rọ̀. Lórí ọ̀dà, kò rí bẹ́ẹ̀ o. Mọ́tò ló nílò ojú ìlà tí omi máa gbà sá jáde lábẹ́ táyà, torí táyà mọ́tò fẹ̀, ó tẹ́jú, eré ẹ̀ sì pọ̀. Táyà kẹ̀kẹ́ tín-ín-rín ni, ojú ẹ̀ rí roboto, ńṣe ló máa ń la omi kọjá, eré tí ẹsẹ̀ èèyàn lè sá kò tó èyí tí omi á fi gbé e kúrò nílẹ̀. Ohun tó ń gbé oníkẹ̀kẹ́ ṣubú lójò ni ọ̀dà funfun tí wọ́n fi kun ojú títì, irin tí wọ́n fi bo gọ́tà, epo tó dà sílẹ̀ ní páàkì, àti iyanrìn tí àgbàrá wọ́ wá sórí títì, àwọn yẹn sì máa ń yọ gbogbo táyà, eléyín o, aláìléyín o. Ẹ rọra gba orí wọn, ẹ má tẹ búréèkì lójijì níbẹ̀, ó tán.

Ibi tí táyà dídán ò ti dáa ni ilẹ̀ pupa nígbà òjò àti iyanrìn tó jìn. Tó bá jẹ́ pé àdúgbò tẹ́ ẹ̀ ń gbé kò ní ọ̀dà, tẹ́ ẹ ní láti la ẹrẹ̀ kọjá kẹ́ ẹ tó bọ́ sí títì, ẹ má lọ ra èyí tó dán borokoto, ẹ ra èyí tí àárín ẹ̀ dán tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní eyín kékeré, ó wà lọ́jà dáadáa. Kò ní yá tó èyí tó dán pátápátá, ṣùgbọ́n ẹ máa délé láì fi ẹsẹ̀ kan ẹrẹ̀.

Ẹ ka ara táyà kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù, torí náà ẹ fara balẹ̀. Ẹni tó ń tajà máa bi yín pé "nọ́ńbà mélòó?", ẹ̀yin náà á ní 26, á fún yín ní 26, ẹ délé, kò wọ̀. Ìdí ni pé 26 pé oríṣiríṣi. Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ orí òkè (mountain bike) tòkunbọ̀, wọ́n máa kọ 26 x 1.95 tàbí 26 x 2.1 sí i lára, pẹ̀lú póìǹtì. Òmíì wà tí wọ́n kọ 26 x 1 3/8 sí lára, pẹ̀lú ìdá, ìyẹn ti kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ni, kò lè wọ rímù ti àkọ́kọ́ láéláé. Wọ́n fi ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ yàtọ̀ síra lójú rímù.

Nọ́ńbà tí kò lè parọ́ fún yín ni èyí tí wọ́n kọ pẹ̀lú dáàṣì láàárín, ó máa ń kéré, ẹ lè ní láti fi omi nu ẹ̀gbẹ́ táyà kẹ́ ẹ tó rí i. Ẹ ó rí 50-559, tàbí 54-559. Nọ́ńbà iwájú ni bí táyà ṣe fẹ̀ tó, ní mìlímítà, èyí lẹ lè yí padà. Nọ́ńbà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ni ojú ibi tí etí táyà ti jókòó sórí rímù, èyí gbọ́dọ̀ bára mu gẹ́lẹ́, kò sí "ó súnmọ́ ọn" níbẹ̀. 559 ni ti 26 orí òkè, 590 ni ti 26 x 1 3/8, 584 ni ti 27.5, 622 ni ti 29 àti 700C (bẹ́ẹ̀ ni, àwọn méjèèjì yìí rímù kan náà ni wọ́n ń wọ̀, fífẹ̀ ló yàtọ̀), 635 sì ni ti 28 x 1 1/2 tó wà lára kẹ̀kẹ́ gíga onírin tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko. Ẹ fi fóònù ya ojú ibẹ̀ ní fọ́tò, fọ́tò yẹn lẹ ó fi han ẹni tó ń tajà.

Báwo ló ṣe yẹ kó fẹ̀ tó? Fún Abẹ́òkúta, 26 x 1.5, ìyẹn 40-559, ni mo fẹ́ràn jù. Ó fúyẹ́, ó yá, ó sì tún ní afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó nínú tí kòtò ò fi ní tètè bà á jẹ́. 1.25 wà, ó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n pẹ̀lú kòtò tó wà káàkiri àti bọ́ǹpù tí àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ń mọ sójú títì, mi ò ní rà á fún ẹni tí mo fẹ́ràn. Ẹni tó bá sanra tàbí tó ń gbé ẹrù sẹ́yìn, 1.75 ni kó rà.

Tíúbù náà ní nọ́ńbà tiẹ̀. Tíúbù ńlá tẹ́ ẹ bá ki bọ inú táyà tín-ín-rín á ká, ibi tó ká yẹn ló máa là. Ẹ wo ara páálí ẹ̀, wọ́n á kọ láti èwo dé èwo, kí 1.5 wà láàárín ẹ̀. Ẹ sì wo ẹnu fáàfù: èyí tó nípọn tó dà bíi ti mọ́tò àti ọ̀kadà ni kẹ́ ẹ rà tí ihò rímù yín bá gbà á, torí gbogbo fọ́kánáísà ló ní ẹnu ẹ̀. Èyí tó tín-ín-rín tó gùn, tí wọ́n máa ń yí orí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lè fi afẹ́fẹ́ sí i, ẹ máa nílò irin kékeré kan tí wọ́n ń dè mọ́ ọn lẹ́nu. Tẹ́ ẹ bá ń lò ó, ẹ ra irin yẹn méjì, kí ọ̀kan máa wà nínú àpò.

Tó bá jẹ́ táyà tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wò. Tó bá ti ń là wẹ́wẹ́ tàbí tí òwú inú ẹ̀ ti yọ síta, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kí ojú ẹ̀ nípọn tó. Tówó bá wà, ẹ ra tuntun tó ní ìpele ààbò lábẹ́ ojú ẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sí i lára, òmíì jẹ́ rọ́bà tó ki, òmíì jẹ́ òwú líle tí wọ́n ń pè ní Kevlar. Ó máa wúwo díẹ̀. Ẹ gbé e bẹ́ẹ̀, àlàáfíà tó wà níbẹ̀ pọ̀.

Títú u àti fífi tuntun sí i

Ẹ dorí kẹ̀kẹ́ kodò, kó dúró lórí ìjókòó àti hándù, ẹ tẹ́ àpò sábẹ́ ẹ̀ kó má bàa ha. Tó bá jẹ́ búréèkì tó ń di rímù mú ni, ẹ fọwọ́ fún apá méjèèjì pọ̀ kẹ́ ẹ yọ wáyà ẹ̀ kúrò níbi tó há sí, wíìlì á wá ráyè jáde. Tó bá jẹ́ ti dísìkì, ẹ má fọwọ́ kan ọwọ́ búréèkì rárá nígbà tí wíìlì ò bá sí níbẹ̀, páàdì méjèèjì á pàdé, yíyà wọ́n wàhálà ni, ẹ yáa fi páálí kékeré há àárín wọn. Ti ẹ̀yìn, ẹ kọ́kọ́ fi ṣéènì sórí jíà tó kéré jù lẹ́yìn. Sípánà 15 ló sábà máa ń wọ nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn.

Ẹ tú afẹ́fẹ́ inú táyà jáde pátápátá, kì í ṣe díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtàǹpàkò ti etí táyà sí kòtò tó wà láàárín rímù, ẹ ṣe é yíká, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nìyí, tí wọ́n á máa bá táyà jà títí ọwọ́ á fi bó. Wáyà wà nínú etí táyà, wáyà yẹn ò lè nà, àfi tí apá kan bá wọ kòtò àárín rímù ni apá kejì á tó dẹ̀ tó máa ráyè jáde. Ẹ wá ki ike pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n fi ń ṣí táyà bọ̀ ọ́, ẹ gbé etí kan jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sikurudíráfà, ẹ má fi ọ̀bẹ, ẹnu wọn ló máa ń dá ihò sí tíúbù, èèyàn á wá máa rò pé títì ló gún un.

Tí rímù bá ti wà níhòòhò, ẹ wo inú ẹ̀. Rọ́bà tàbí téèpù kan gbọ́dọ̀ bo gbogbo orí sípóòkù. Tó bá ti já, tó ti sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tí kò sí rárá, ẹ fi tuntun sí i, téèpù aláṣọ náà ṣe é lò tó bá wọ inú kòtò yẹn gẹ́lẹ́, ẹ lọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Sípóòkù tí orí ẹ̀ bá yọ gàgàrà, ẹ fi fáìlì rá a.

Ẹ wo ọfà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà tuntun, ibi tí wíìlì ń yí sí ni kó kọjú sí. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kan wọ rímù. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí tíúbù, kó kàn lè rí roboto, ẹ fi páúdà ra á lára kó má lẹ̀ mọ́ táyà, ẹ ki fáàfù bọ ihò ẹ̀ kó dúró gbọnrangandan, ẹ wá to ìyókù wọlé. Ẹ̀gbẹ́ kejì, òdìkejì fáàfù ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ parí ẹ̀ síbi fáàfù, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ lò, tó bá le ní ìparí ẹ tún lọ ti òdìkejì sí kòtò àárín rímù, á dẹ̀. Tó bá ti wọlé tán, ẹ ti fáàfù sókè díẹ̀ kẹ́ ẹ tún fà á wálẹ̀, kí tíúbù má há sábẹ́ etí táyà níbẹ̀. Ẹ rí i pé orúkọ ńlá tí wọ́n kọ sára táyà bọ́ sí ọ̀ọ́kán fáàfù, mo máa sọ ìdí ẹ̀ níwájú.

Ẹ fún un díẹ̀, ẹ yí i wò. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà tó súnmọ́ rímù, ó gbọ́dọ̀ bá rímù dọ́gba yíká. Ibi tó bá ti rì wọlé, ẹ tú afẹ́fẹ́, ẹ fi omi ọṣẹ sí i, ẹ tún fún un. Ẹ dá wíìlì padà, ẹ dá wáyà búréèkì padà (ẹ má gbàgbé èyí, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìlú wa kì í ṣe ibi téèyàn ti ń wá búréèkì), ẹ wo bóyá rọ́bà búréèkì ń kan táyà, rímù nìkan ló yẹ kó kàn.

Afẹ́fẹ́

Tí mo bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, afẹ́fẹ́ ni màá mú. Táyà tó rọ̀ ló ń jò jù, kì í ṣe èyí tó le. Tẹ́ ẹ bá fi táyà tó rọ̀ wọ kòtò, etí kòtò máa tẹ táyà títí dé orí rímù, á sì fún tíúbù mọ́ àárín, á wá dá ihò méjì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ibi tí ejò bù jẹ. Ẹ rí ihò méjì bẹ́ẹ̀, ẹ má wá ìṣó kankan, afẹ́fẹ́ ni kò tó.

Wọ́n kọ iye tí táyà lè gbà sí i lára, PSI ni wọ́n fi ń kà á, ẹ má kọjá èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Fún 1.5, ẹni tó bá wọn bíi kílò 70 lè bẹ̀rẹ̀ láti 55 lẹ́yìn, 48 níwájú, tí ara táyà bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn máa ń pọ̀ ju iwájú torí ibẹ̀ lara yín wà. Ẹni tó sanra á fi kún un, ẹni tó tín-ín-rín á yọ kúrò. Ẹ má sì ṣe é kó le bí irin tán, kò ní yá sí i lórí títì wa, ńṣe láá máa ta yín sókè.

Tíúbù máa ń yọ afẹ́fẹ́ fúnra ẹ̀ bí kò tiẹ̀ jò, ẹ gééjì táyà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ tó ní géèjì dáa jù, ẹ fi sílé. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ fọ́kánáísà lẹ ó lọ, ẹ rántí pé ẹ̀rọ ẹ̀ táyà mọ́tò ló mọ̀, táyà kẹ̀kẹ́ kéré, ká tó ṣẹ́jú ó ti kún, ó sì lè bẹ́. Ẹ sọ fún un tẹ̀rọ̀tẹ̀rọ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́, fííìn, fííìn la ó máa fún un, ká máa géèjì ẹ̀ láàárín." Á dá yín lóhùn pé, "Ọ̀gá, ẹ má mikàn." Ẹ dúró tì í síbẹ̀síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì máa gbé kẹ̀kẹ́ sínú oòrùn ọ̀sán, ẹ má fún un dé góńgó, afẹ́fẹ́ máa ń wú tó bá gbóná.

Tó bá wá jò

Kẹ́ ẹ tó fi tíúbù míì sí i tàbí kẹ́ ẹ lẹ èyí tó jò, ẹ wá ohun tó gún un rí. Mo tún un sọ o, ẹ wá a rí. Ẹlòmíì á lẹ tíúbù láàárọ̀, á tún jò lọ́sàn-án, á ní táyà náà ò dáa, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gún àná ṣì wà nínú táyà tó ń dúró dè é.

Ìdí tí mo fi ní kí orúkọ ara táyà wà ní ọ̀ọ́kán fáàfù nìyí. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí tíúbù, ẹ rì í sínú omi, ẹ wo ibi tó ti ń hó. Ẹ wá gbé tíúbù lé ẹ̀gbẹ́ táyà, fáàfù sí ibi orúkọ, ọ̀ọ́kán ihò yẹn ni kẹ́ ẹ ti máa wá ìṣó, apá ọ̀tún tàbí apá òsì. Ẹ fi aṣọ kékeré nu inú táyà yíká, ibi tó bá ti kọ́ aṣọ ni nǹkan wà. Ìka ò dáa tó aṣọ, ìgò lè gé e.

Ihò fúnra ẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀. Tó bá wà ní apá ìta, títì ló gún un. Tó bá wà ní apá inú tó kọjú sí rímù, sípóòkù tàbí téèpù rímù ni, ẹ padà síbẹ̀. Tó bá ya ní ìdí fáàfù, fáàfù ò dúró tààrà ni, tàbí táyà ti ń yí lórí rímù torí afẹ́fẹ́ kéré, irú èyí kì í ṣe é lẹ̀, tíúbù tuntun ni.

Fún lílẹ̀, ẹ nu ún gbẹ, ẹ fi sáńpépà ha ibẹ̀ kó fẹ̀ ju rọ́bà tẹ́ ẹ fẹ́ lẹ̀ lọ, ẹ fi sólúṣọ̀n ra á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ wá dúró. Ẹ dúró títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́, bíi ìṣẹ́jú 5. Ẹni tó bá kánjú lẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì tutù, á ṣí. Ẹ tẹ rọ́bà mọ́ ọn dáadáa. Iná tí fọ́kánáísà fi ń lẹ tíúbù mọ́tò máa ń le jù fún tíúbù kẹ̀kẹ́ tó fẹ́lẹ́, ẹ ní kó bá yín fi ti tútù ṣe é.

Títì wa àti ohun tó wà lórí ẹ̀

Ibi tí kúárì pọ̀ sí lápá Ọ̀dẹ́dá, típà tó ń kó òkúta máa ń já a sílẹ̀ dọ́ọ̀nà, gírànáìtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ sì mú. Lọ́nà Ṣàgámù, táyà tírélà tó bẹ́ ni ọ̀tá yín, wáyà tín-ín-tín tó wà nínú ẹ̀ máa ń tú ká sẹ́bàá títì, kò ṣe é rí lójú, á wọlé díẹ̀díẹ̀, táyà á máa jò jẹ́jẹ́ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, púláyà lẹ ó fi fà á yọ. Láàárọ̀ Sunday, àfọ́kù ìgò máa ń wà níbi tí wọ́n ti ṣe òde lálẹ́ Sátidé. Ẹ ṣọ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ìṣó ò wọ́n níbẹ̀.

Mọ́tò ló máa ń gbá gbogbo ìdọ̀tí yìí sí ẹ̀gbẹ́, torí náà ẹni tó bá ń rìn mọ́ etí gọ́tà gbàgbàgbà, àárín ìdọ̀tí ló wà. Ẹ fi bí ìgbésẹ̀ kan sílẹ̀ sí etí títì, kẹ́ ẹ sì máa wo ẹ̀yìn. Nígbà òjò ẹ ṣọ́ra sí i, rọ́bà tó tutù rọrùn fún ìgò láti gé. Tẹ́ ẹ bá gba orí ìgò, tẹ́ ẹ délé, ẹ yí táyà wò, ẹ fi nǹkan ṣóńṣó yọ àfọ́kù tó bá há sójú ẹ̀, torí ìgò kì í sábà wọlé lọ́jọ́ kan, yíyí táyà ló ń tì í wọlé. Kòtò tẹ́ ẹ ò bá lè yẹ̀, ẹ dìde díẹ̀ lórí ìjókòó, ẹ tẹ orúnkún àti ìgúnpá, ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ wọ̀ ọ́ fúnra ẹ̀.

Oje tí wọ́n ń dà sínú tíúbù máa ń dí ihò kékeré, ẹ̀gún àti wáyà, kò lè ṣe nǹkan kan sí ihò méjì tí kòtò máa ń dá sí tíúbù. Àwọn kan máa ń la tíúbù àtijọ́ tẹ́ ẹ sáàárín táyà àti tíúbù, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ fi sáńpépà ha etí ẹ̀ kó fẹ́lẹ́, etí tó bá ki á máa gé tíúbù tuntun.

Ohun tó yẹ kó wà nínú àpò yín: tíúbù kan tó bá táyà mu, ike ìṣítáyà méjì, sáńpépà, sólúṣọ̀n àti rọ́bà lílẹ̀, pọ́ǹpù kékeré, sípánà nọ́ọ̀tì yín. Sólúṣọ̀n tí wọ́n bá ti ṣí máa ń gbẹ nínú ọ̀rá ẹ̀, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ ti ń gun táyà tuntun, ẹ tún fi sípánà kan nọ́ọ̀tì iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ wo bóyá fáàfù ṣì dúró tààrà, tó bá ti ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ tú afẹ́fẹ́, ẹ fọwọ́ yí táyà padà sí ipò ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi PSI díẹ̀ kún un.